Ṣé lóòótọ́ ni pé obìnrin kì í mọ ọ̀nà? Ohun tí ojú fóònù ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ẹnì kan gbé ọ̀rọ̀ kan wá sórí WhatsApp àdúgbò wa ní Ìbàdàn. Ó ní àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti rí i dájú pé ọpọlọ obìnrin kò lè ka máàpù, àfi tí wọ́n bá fún un ní fóònù tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ìjẹun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àríyànjiyàn ti gbóná. Bàbá kan ní òun ti mọ̀ tipẹ́, pé ìyàwó òun kò lè ti Challenge dé Ring Road kó má ṣìnà. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági dá a lóhùn pé ó ti pé ọdún 22 tí òun ti ń wa ọkọ̀ òun láti Ọ̀jọ́ọ̀ lọ sí ìsọ̀, àwọn ọkùnrin ló sì máa ń dá òun dúró béèrè ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ló wá béèrè èyí tó dùn mí jù: “Ẹ̀yin àgbà, ṣé kí n kúkú fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ ni?”

Nítorí ìbéèrè ọmọ yẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní yíya àwòrán ilé, lórí ìwé àti lórí kọ̀ǹpútà, nínú yàrá kan tí mo háyà nítòsí Mọ́kọ́lá. Ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ mi gbọ̀ngbọ̀n. Ìròyìn tó ń kiri náà kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá, ìwádìí wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ẹnu dé ẹnu, wọ́n ti gé orí rẹ̀, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká to ó padà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní òye ààyè?

Òye ààyè ni agbára tí ọkàn wa ní láti mọ bí nǹkan ṣe rí, ibi tó wà, bó ṣe jìnnà sí òmíràn, àti bí yóò ṣe rí tí a bá yí i, tí a bá ṣẹ́ ẹ po, tàbí tí a bá lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀ wò ó. Ohun tí ọkàn ń rí nígbà tí ojú kò tíì rí i ni.

Ìyá aránṣọ kan ní ṣọ́ọ̀bù ní ìsàlẹ̀ ilé tí mo ti ń kọ́ni. Lọ́jọ́ kan, mo dúró tì í nígbà tó fẹ́ gé bùbá. Ó tẹ́ ańkárá sórí tábìlì, ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì lóròó, ó tún ṣẹ́ ẹ po sí méjì ní ìbú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ títí ó fi lẹ̀ pẹ́ẹ́. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà kékeré kan tó tẹ̀ bí oṣù tuntun sí igun kan ṣoṣo, igun tí ìṣẹ́po méjèèjì ti pàdé. Àlùmọ́gàjí wọ inú aṣọ. Ohun tó já bọ́ sílẹ̀ kò ju ìbú ìka mẹ́ta lọ. Nígbà tó tú aṣọ náà, ọrùn bùbá ti wà láàárín gbùngbùn, ó ṣe róbótó, apá ọ̀tún àti ti òsì bára mu. Ìlà kékeré kan ló fà. Òbìrípo odindi ló jáde. Ìyá yìí ti rí òbìrípo náà kó tó mú àlùmọ́gàjí. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan tí kò tíì máa rí i gé e sí igun òdìkejì lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, aṣọ oníbàárà sì pàdánù etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Òye ààyè nìyẹn. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tilẹ̀ ní ìdánwò kan tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́: wọ́n á ya àwòrán bébà tí wọ́n ṣẹ́ po, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á wá ní kí èèyàn sọ ibi tí àwọn ihò máa wà tí wọ́n bá tú u. Ìyá aránṣọ ń ṣe ìdánwò yẹn láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sí ẹni tó ń fún un ní máàkì. Bẹ́ẹ̀ náà ni onídìrí tó ń la orí kó tó bẹ̀rẹ̀ ṣùkú, àti àwọn ìyá tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ya adìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, èyí tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó máa ń wà lára rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di èyí mú: òye ààyè kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Yíyí nǹkan nínú ọkàn yàtọ̀ sí rírántí ibi tí nǹkan wà, rírántí ibi tí nǹkan wà sì yàtọ̀ sí mímọ ọ̀nà. Àwọn tó ń pín ìròyìn kiri da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìkòkò kan, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Ní 1971, Roger Shepard àti Jacqueline Metzler ní Amẹ́ríkà ya àwòrán àwọn nǹkan kan tó dà bí ìgbà tí a bá lẹ horo ṣúgà 10 pọ̀ mọ́ra, tó ṣẹ́ kọ́rọkọ̀rọ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n á fi méjì han èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á bi í pé: ṣé ohun kan náà ni wọ́n, tí a kàn yí ọ̀kan, àbí ọ̀kan jẹ́ òjìji èkejì bí inú dígí? Ohun tí wọ́n rí ya ni lẹ́nu. Bí wọ́n bá ṣe yí èkejì tó ni ìdáhùn ṣe máa ń pẹ́ tó, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan fún dígírì 60. Àfi bí ẹni pé ọkàn gbé nǹkan náà lọ́wọ́ gan-an, tó ń yí i díẹ̀díẹ̀.

Ní 1978, Steven Vandenberg àti Allan Kuse sọ ọ́ di ìdánwò orí bébà tí àwọn èèyàn púpọ̀ lè jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń ká aago lé wọn lórí. Inú ìdánwò yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ti jáde.

Ṣé ìyàtọ̀ wà lóòótọ́?

Ó wà. N kò ní fi í pamọ́ nítorí pé mo fẹ́ gbèjà ẹnikẹ́ni. Nínú ìdánwò yíyí nǹkan nínú ọkàn, ìpíndọ́gba máàkì ọkùnrin ga ju ti obìnrin. Àwọn tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, àwọn kan ní 1985, àwọn mìíràn ní 1995, rí i bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ìyàtọ̀ ìrònú tí wọ́n ti wá láàárín ọkùnrin àti obìnrin, èyí wà lára àwọn tó ṣe kedere jù.

Ṣùgbọ́n kí ni ìpíndọ́gba? Ká ní òkìtì iṣu méjì wà níwájú wa ní ọjà Bódìjà, wọ́n kó ọ̀kan wá láti Ṣakí, wọ́n kó èkejì wá láti Ìgbòho. Ká ní a wọn gbogbo rẹ̀, a pín in dọ́gba, iṣu Ṣakí wá fi díẹ̀ wúwo jù. Ṣé ìyẹn ní kí ẹ máa pe gbogbo iṣu Ìgbòho ní iṣu kékeré? Ẹ ki ọwọ́ bọ òkìtì méjèèjì láìwò, ẹ mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àìmọye ìgbà ni ti Ìgbòho yóò tóbi jù. Bí ìyàtọ̀ yíyí nǹkan nínú ọkàn ṣe tó gan-an nìyẹn. Tí a bá mú ọkùnrin kan àti obìnrin kan láìṣà, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹta ni máàkì obìnrin yóò ju ti ọkùnrin lọ. Ẹni tó bá wá wo ọmọbìnrin kan ṣoṣo lójú, tó ní “ìwọ ò lè ṣe é nítorí pé obìnrin ni ọ́,” kò mọ ohun tí ìpíndọ́gba túmọ̀ sí.

Tí ìdánwò bá sì yí padà, ẹni tó ń borí náà máa ń yí padà. Ní 1992, Irwin Silverman àti Marion Eals fi àwòrán ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n tò káàkiri han àwọn èèyàn, wọ́n wá ṣí àwọn kan nípò. Àwọn obìnrin ló rántí jù ohun tó wà níbì kan tẹ́lẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e sì ti ti èyí lẹ́yìn. Ẹ gbé wàrà kan kúrò níbi tó wà nínú ìsọ̀ ìyá eléròjà ọbẹ̀, kí ẹ wò ó bí kò bá ní mọ̀ kó tó jókòó. Òye ààyè ni èyí náà, àmọ́ kò sí ẹni tó gbé e wá sórí WhatsApp.

Aago náà wà níbẹ̀. Níbi tí wọn kò bá ti ká aago lé èèyàn lórí, ìyàtọ̀ inú ìdánwò yíyí máa ń kéré sí i. Ìyẹn ni pé apá kan lára ohun tí wọ́n ń wọ̀n jẹ́ ìkánjú, kì í ṣe òye.

Ti mímọ ọ̀nà wá ńkọ́? Carol Lawton ní Amẹ́ríkà kọ ní 1994 pé àwọn obìnrin tó bi léèrè máa ń tẹ̀ lé àmì ọ̀nà àti ibi tí wọ́n ti máa yà, àwọn ọkùnrin sì máa ń sọ̀rọ̀ ìlà oòrùn, ìwọ̀ oòrùn àti bí ibì kan ṣe jìnnà tó. Ní Ìbàdàn ńkọ́? Ta ló ń júwe ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni pẹ̀lú àríwá àti gúúsù níbí? “Sọ̀ ní Bẹẹrẹ, gun òkè Mápó, tí o bá ti ń rí Ọjà'ba, béèrè.” Bàbá ló sọ ọ́ tàbí ìyá, àmì ọ̀nà ni gbogbo wa fi ń rìn.

Ṣé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn ni?

Ní 2008, ìkọ̀ olùwádìí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Amẹ́ríkà wo àwọn ọmọ ọwọ́ tí kò ju oṣù mẹ́ta sí márùn-ún lọ, wọ́n sì rí i pé ọ̀nà tí àwọn ọmọkùnrin gbà ń wo nǹkan tí wọ́n yí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àwọn ọmọbìnrin. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlà oòrùn àríwá Íńdíà. Ní 2011, Moshe Hoffman, Uri Gneezy àti John List gbé ìwádìí kan jáde nípa ẹ̀yà méjì tí wọ́n ń gbé nítòsí ara wọn, Karbi àti Khasi. Láàárín àwọn Karbi, ọkùnrin ló ń jogún ilẹ̀. Láàárín àwọn Khasi, ọmọbìnrin tó kéré jù ló ń jogún. Wọ́n fún àwọn èèyàn bí 1,300 ní àwòrán ẹṣin tí wọ́n gé sí mẹ́rin, kí wọ́n tò ó padà. Láàárín àwọn Karbi, àwọn ọkùnrin yára ju àwọn obìnrin lọ. Láàárín àwọn Khasi, kò sí ìyàtọ̀. Oúnjẹ kan náà, àgbègbè kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni ipò tí wọ́n fi obìnrin sí.

Eré orí fóònù kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Sea Hero Quest, tó jáde ní 2016, tí èèyàn á ti máa wa ọkọ̀ ojú omi lọ síbi tó rí lórí máàpù. Hugo Spiers ní University College London àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ohun tí àwọn èèyàn tó tó mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ṣe nínú rẹ̀. Ní 2018, wọ́n kọ ọ́ pé orílẹ̀-èdè tí ẹ̀tọ́ ọkùnrin àti obìnrin bá ti jìnnà síra ni ìyàtọ̀ wọn nínú eré náà ti pọ̀ jù. Ní 2022, wọ́n fi kún un pé àwọn tó dàgbà ní ìlú tí wọ́n fi rúlà ya òpópónà rẹ̀ kì í mọ ọ̀nà nínú eré yẹn tó àwọn tó dàgbà ní ìgbèríko tàbí ní ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ wọ́. Mo rẹ́rìn-ín ayọ̀ nígbà tí mo kà á. Ẹni tó bá ti bá àwọn kọ̀rọ̀ Ọjẹ́ àti Ìdí Arẹrẹ rìn láti kékeré mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Òye yìí ṣeé kọ́. Ní 2013, David Uttal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 217 jọ lórí kíkọ́ òye ààyè: ọmọdé àti àgbà, ọkùnrin àti obìnrin, gbogbo wọn ló sàn sí i, ó sì tọ́jọ́. Ní Toronto, ní 2007, wákàtí 10 péré tí wọ́n fi ta géèmù tó ń sáré lórí kọ̀ǹpútà ti tó láti dín ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkùnrin àti obìnrin kù nínú yíyí nǹkan nínú ọkàn.

Ibo wá ni ojú síkírìnì ti wọ ọ̀rọ̀ yìí?

Ibi tí mo fẹ́ ká pẹ́ sí nìyí, torí òun ni ìròyìn náà ṣì lóye jù.

Ẹ na apá kan yín gbọọrọ síwájú, kí ẹ gbé àtàǹpàkò sókè. Ìbú rẹ̀ gba nǹkan bí dígírì 2 nínú ohun tí ojú yín ń rí. Ẹ wá di ìkúùkù: nǹkan bí 10 nìyẹn. Láìyí orí rárá, ojú èèyàn méjèèjì ń gba nǹkan bí 180, àní ó máa ń lé díẹ̀. Ẹ wá wo fóònù. Tí ẹ bá dá a dúró lóòró, tí ó jìnnà sí ojú ní ìwọ̀n 35 sẹ̀ǹtímítà, ìbú rẹ̀ gba nǹkan bí dígírì 11. Ìkúùkù kan àti díẹ̀ ni. Nínú gbogbo Ìbàdàn tó fẹ̀ tó yìí, inú fèrèsé tó tó ìkúùkù lèèyàn ti fẹ́ wo ọ̀nà.

Ẹ ka síkírìnì sí fèrèsé, ọ̀rọ̀ yìí á rọrùn. Ohun méjì ló ṣe pàtàkì nípa fèrèsé: bó ṣe fẹ̀ tó lójú ẹni tó jókòó sínú yàrá, àti bí ohun tó ń gba inú rẹ̀ hàn ṣe pọ̀ tó. Àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà lè fi apá kékeré ayé kún un, wọ́n sì lè fi apá ńlá kún un.

Ní nǹkan bí ọdún 2001 sí 2003, Mary Czerwinski, Desney Tan àti George Robertson tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Microsoft ṣe ayé kan sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa rìn nínú rẹ̀ láti wá nǹkan. Àwọn tó ti wádìí ṣáájú wọn ti sọ pé ọkùnrin ń fi obìnrin sílẹ̀ sẹ́yìn nínú irú ayé bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí wá gbé síkírìnì ńlá wá, wọ́n sì jẹ́ kí apá ayé tó hàn nínú rẹ̀ fẹ̀. Ọkùnrin sàn sí i, obìnrin sàn sí i, àlàfo àárín wọn sì dín kù. Obìnrin ọjọ́ yẹn kò pààrọ̀ ọpọlọ. Fèrèsé ni wọ́n fẹ̀.

Kí ló fà á? Wọ́n tún padà wádìí ìyẹn ní 2003. Ẹ jẹ́ ká wọ Míkírà láti Sángo lọ sí Dùgbẹ̀, kí ẹ jókòó síwájú. Ohun tó wà lọ́nà jíjìn kì í fẹ́ẹ̀ẹ́ rìn. Tí ẹ bá ń sún mọ́ Dùgbẹ̀, Ilé Kòkó pẹ̀lú àjà rẹ̀ 26 kàn dúró síbẹ̀ ni, ó ń tóbi díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ohun tó wà ní etí ọ̀nà ń sáré kọjá: agbòjò oní-POS, òpó iná, ọmọ tó ń kiri gúgúrú. Ẹ kò wo ọ̀kankan nínú wọn ní pàtó, síbẹ̀ eré tí wọ́n ń sá kọjá ní ẹ̀bá ojú yín ló ń sọ fún ọkàn bí ọkọ̀ ṣe ń yára tó, àti bó ṣe yà tó nígbà tó yà. Ẹ wá ká ìwé ìròyìn róbótó, ẹ fi ojú sí i, kí ẹ máa wo ọ̀nà láti inú rẹ̀. Ohun tó ń sáré ní ẹ̀bá ojú ti tán. Tí ọkọ̀ bá yà báyìí, ẹ máa mọ̀ pé ó yà, àmọ́ ẹ ò ní mọ bó ṣe yà tó.

Iṣẹ́ tí síkírìnì tóóró ń ṣe fún èèyàn nìyẹn. Ohun tí Tan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ní 2003 ni pé ohun tó ń sáré kọjá ní ẹ̀bá ojú yìí gan-an ló ń ran àwọn obìnrin lọ́wọ́ nínú ayé orí kọ̀ǹpútà, síkírìnì ńlá tó fẹ̀ ló sì ń fún wọn ní i dáadáa. Nígbà tí wọ́n dá a padà fún wọn, àwọn obìnrin rìn dáadáa sí i, kò sì pa àwọn ọkùnrin lára.

Ṣé títóbi nìkan náà lè ṣe nǹkan?

Ẹ tún gbé fóònù yẹn, kí ẹ dà á sí ìbú: ó ti di nǹkan bí dígírì 24. Tẹlifíṣọ̀n ínṣì 55 tí ẹ jókòó jìnnà sí ní ìwọ̀n mítà méjì àbọ̀ gba nǹkan bí dígírì 27. Wọ́n fẹ́ẹ̀ẹ́ dọ́gba lójú. Ṣé ó túmọ̀ sí pé ohun kan náà ni méjèèjì jẹ́ fún ọkàn?

Ní 2003 kan náà, Desney Tan, Darren Gergle, Peter Scupelli àti Randy Pausch ní Yunifásítì Carnegie Mellon dán èyí wò. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lásán síwájú èèyàn, wọ́n tún tan àwòrán sára ògiri lọ́nà jíjìn, wọ́n wá ṣètò rẹ̀ kí méjèèjì gba ìwọ̀n kan náà lójú. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn ka ìwé kí wọ́n sì dáhùn ìbéèrè, kò sí ìyàtọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n mọ ìhà tí nǹkan kọ sí, àwọn tó wo ara ògiri fi nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe dáadáa jù.

Àlàyé wọn rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ fi Láyípo lóye rẹ̀, ilé ìṣọ́ Bower tó wà lórí Òkè Ààrẹ. Èèyàn lè ronú nípa rẹ̀ bí ẹni pé ilé ìṣọ́ náà kéré, pé ó gbé e lọ́wọ́, tó sì ń yí i láti ìta. Ó sì lè ronú bí ẹni pé òun gan-an ló ń gun àtẹ̀gùn olóbìrípo rẹ̀, tó yọ sókè, tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i lójú, tí òrùlé ìlú tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ níwájú, tó wá yí ara rẹ̀ láti wá Mápó. Ọ̀nà kejì yìí rọrùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn, torí ara wa la fi ń yí lójoojúmọ́. Ohun kékeré tó wà nítòsí máa ń mú ọkàn lọ sí ọ̀nà àkọ́kọ́. Ohun ńlá tó wà lára ògiri máa ń pe ọkàn wọlé, bí ẹni pé a ti wà nínú rẹ̀.

Ṣé kí àwọn obìnrin wá ra fóònù ńlá nìyẹn?

Rárá. Dígírì méjì tàbí mẹ́ta péré ni fóònù tí wọ́n ń pè ní ńlá fi ju fóònù kékeré lọ lójú ẹni tó gbé e lọ́wọ́. Síkírìnì kọ̀ǹpútà tó fẹ̀ àti ògiri ni wọ́n lò nínú àwọn ìwádìí tí mo sọ, inú ayé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti rìn, wọn ò rìn ní Agbeni lọ́jọ́ ọjà. Ẹni tó bá ti fi owó ilé ìwé ọmọ ra fóònù nítorí ìròyìn yẹn, wọ́n ti ṣì í lọ́nà.

Ohun tó lè ranni lọ́wọ́ kò ná owó. Tí ẹ bá ń lo Google Maps nínú ọkọ̀, ẹ dà fóònù sí ìbú nínú ohun tó dì í mú, kí ohùn rẹ̀ sì máa júwe kí ojú lè wà lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí máàpù máa yí bí ọkọ̀ ṣe ń yí, dípò kí òkè rẹ̀ máa kọ sí àríwá nígbà gbogbo. Ìyẹn máa ń gba ọkàn lọ́wọ́ yíyí i. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wo gbogbo ọ̀nà náà lórí ohun tó bá tóbi jù tí ẹ ní, ẹ wá àmì mẹ́ta tí ẹ mọ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ni ní ìṣirò, ní iṣẹ́ ọwọ́, ní yíya àwòrán, ọ̀rọ̀ yín ló ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń wo ẹ̀kọ́ lórí fóònù báyìí, wọ́n ń fi ìka méjì fẹ àwòrán kí wọ́n tó rí igun kan, igun tó kù á sì ti sá lọ. Tí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ní kò yé òun, ẹ kọ́kọ́ wo fèrèsé tó ń gbà wò ó. Ẹ tàn án sára ògiri tí purojẹ́tọ̀ bá wà. Tí kò bá sí, ẹ fi amọ̀ mọ ọ́n, tàbí kí ẹ fi páálí gé e, kí ó gbé e lọ́wọ́ yí i fúnra rẹ̀. Ẹ sì mú aago kúrò títí á fi yé e.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé èmi náà ti ṣẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tí kò ní kọ̀ǹpútà, orí fóònù ìyá rẹ̀ ló ti ń wo àwọn àwòrán tí mo bá fi ránṣẹ́. Ó máa ń ṣi àtẹ̀gùn yà ní gbogbo ìgbà. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní bóyá kó wá iṣẹ́ mìíràn tó bá a lára mu. Kò dá mi lóhùn. Ó kàn ká bébà rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tan sinimá ní ṣọ́ọ̀ṣì yá mi ní purojẹ́tọ̀ rẹ̀. Mo tan àwòrán ilé alájà méjì sára ògiri, ó gba ògiri náà tán láti ilẹ̀ dé òkè. Ọmọ náà wà lẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó dìde, ó rìn wá síwájú títí òjìji rẹ̀ fi bọ́ sára àtẹ̀gùn, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń di irin àtẹ̀gùn mú, ó yí èjìká rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó dúró.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ó ní, “tí mo bá gbé ẹsẹ̀ tó kàn báyìí, orí mi á gbá òpó yìí.”

Mo wò ó. Èmi ni mo ya òpó náà síbẹ̀, òótọ́ ló sì sọ. Mo dìde lórí àga, mo ní kó wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, òun ló sì ṣí òpó náà nípò.